Ohùn Rẹ Ló Lé Màmá Jáde

Àtúnṣe? Àtúnṣe wo lo fẹ́ ṣe? Àbúrò, mo ní Màmá wa ṣubú, eegun itan wọn kán, wọn ò lè yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, o ní o máa tún áàpù ṣe! Hà! Ayé mi!

Rárá, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ìwọ lo ṣe áàpù yẹn tó o fi sórí fóònù wọn, o ní dókítà ní kí wọ́n máa rìn, pé tí àkókò bá ti tó, ohùn rẹ á jáde: "Màmá mi, ẹ dìde, ẹ lọ nasẹ̀ díẹ̀." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó o fi fọ́tò ara rẹ síbẹ̀, tó jẹ́ pé òun lèèyàn á kọ́kọ́ rí tó bá ti ṣí i?

Fọ́tò yẹn ni wọ́n ń ṣí wò o! Wọ́n á ṣí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pa á dé, kò ní pẹ́ wọ́n á tún ṣí i. O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣàlàyé fún mi pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i ni aago tuntun ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú ẹ̀, pé o gbàgbé láti dá ti tẹ́lẹ̀ dúró, tí gbogbo wọn fi ń pè wọ́n léraléra. O gbàgbé! Ìwọ tó o fi iṣẹ́ yìí jẹun! Bí wọ́n ṣe ń jókòó, "Màmá mi, ẹ dìde." Bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà, "Màmá mi, ẹ dìde." Mo ní, "Màmá, ó tó, ẹ sinmi." Wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ ju ọmọ mi lọ ni?" Èmi tí mò ń fọṣọ wọn, tí mò ń wẹ̀ fún wọn! Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́.

Ilé ìdáná ni mo wà tí mo fi gbọ́ gbì! lórí àtẹ̀gùn, wọ́n tún ti ń jáde lọ nasẹ̀. Fóònù ṣì ń sọ̀rọ̀ lápò wọn. Wọ́n nà sílẹ̀ gbalaja, wọ́n ń dá a lóhùn: "Mò ń bọ̀, ọmọ mi, mò ń dìde."

Mi ò bú ẹ o. Mo mọ̀ pé ire lo rò, ibi tá a fojú sí ni ọ̀nà ò gbà. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lo dé ilé yìí kẹ́yìn?

Mo ti pa fóònù ọ̀hún. Ìyẹn gan-an ló tún wá dẹ́rù bà wọ́n: "Ọmọ mi ò pè mí mọ́, àbí mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Wọ́n sì ń fẹ́ dìde, pẹ̀lú eegun tó kán! Dókítà bẹ̀ wọ́n, èmi náà bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́.

Nítorí náà, má tún nǹkan kan ṣe. Gbéra níbi tó o wà, wá di ọwọ́ wọn mú, kó o fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n dùbúlẹ̀.