Ẹnìkan Kì í Dìde Kí Fèrè Tó Dún

Ẹ̀yin èèyàn wa, mo kí yín kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gun òkè wá láti Pueblo, ẹ kú ọ̀nà. Fadá, ẹ kú iṣẹ́ àdúrà. Ẹ ti ṣe tiyín, ẹ jẹ́ kí n ṣe tèmi. Wọ́n ní kí n má pẹ́. Ẹni tí oorun bá ń kùn, ilẹ̀kùn nìyẹn, ṣùgbọ́n kó rántí òkú ẹni tó wá ṣe. Lọ́dọ̀ Fino Archuleta, ẹnìkan kì í dìde kí fèrè tó dún.

Èmi Wendell Krause ni mò ń sọ̀rọ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí èmi àti ọkùnrin tó wà nínú pósí yìí ti jọ ń bá ara wa jà. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń wà ní ìlú yìí títí irun ẹ̀ fi funfun. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sunkún yìí ló ti lé sọ̀kalẹ̀ rí torí ariwo. Alágídí ni. Mi ò ní torí pé ó ti kú kí n wá máa pè é ní onírẹ̀lẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́.

Ìgbà ìrúwé ni ayé Fino. Tó bá ti di oṣù kẹrin, àwọn àlejò tó ń de pátákó síkì mẹ́sẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín á palẹ̀ mọ́, wọ́n á ní yìnyín ti bàjẹ́. Fino á ní kí wọ́n máa lọ ire. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: òtútù òru á sọ òkè di òkúta, oòrùn á wá máa tú u díẹ̀díẹ̀ títí yìnyín á fi di hóró hóró. Yìnyín àgbàdo là ń pè é. Ẹni tó bá yára dé orí ẹ̀, eyín ẹ̀ á sọ fún un. Ẹni tó bá pẹ́ jù, á rì dé orúnkún. Fino á jókòó sẹ́yìn mọ́tò ẹ̀ níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, á máa yan búrítò, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí a fi wé ẹ̀wà àti ẹran, lórí iná, á bu ọbẹ̀ ata tútù lé e, á tẹjú mọ́ òkè bí ẹni ń wo ìkòkò. Èmi á ti wọ bàtà síkì, ara mi ò ní balẹ̀. Á ní, "Jókòó, Wendell. Kò tíì jinná." Lọ́dún kan mo ṣorí kunkun, mo lọ. Ẹ bi èjìká mi òsì léèrè. Nígbà tí wọ́n ń gbé mi kọjá níwájú ẹ̀, búrítò tèmi ló wà lẹ́nu ẹ̀, ó kàn juwọ́ sí mi.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó di bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Ẹgbẹ́ wa ní Denver á ti wọ ìdíje ìparí sáà, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló ń tẹ̀ síwájú, gbogbo wa á sì kó ara wa sí pálọ̀ Fino. Ẹ rántí ọdún tí wọ́n fi àmì mọ́kànlá jù wá lọ, tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo wọ kóòtù mi, mo ní mò ń lọ sùn. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi wà lórí tábìlì. Fino mú un, ó jù ú sínú ìkòkò ọbẹ̀ ata tó ń hó lórí iná. Ó ní, "Tó o bá rí i, máa lọ."

Ibi tí mo ti ń fi ṣíbí wá kọ́kọ́rọ́ ni mo wà tí àwọn ọmọ wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù wọlé, ọ̀kan ń gbẹ́sẹ̀, òmíràn ń bọ́ sí i. Èyí tó gbẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù ṣì wà lófuurufú nígbà tí fèrè dún. Ó wọlé. Fino dì mọ́ mi, tèmi ti ṣíbí lọ́wọ́, a jọ ń pariwo bíi wèrè. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn, kò sì gba ohun mìíràn gbọ́ ju ìyẹn lọ. Fadá, ẹ máà bínú.

Lọ́dún yìí, dókítà sọ fún un pé ọkàn ẹ̀ kò lágbára mọ́, kó sọ̀kalẹ̀ lọ máa gbé lọ́dọ̀ Renata ọmọ ẹ̀ ní Pueblo, níbi tí èémí ti rọrùn. Ó ní òun gbọ́. Ó ní òun á lọ tí wọ́n bá ti ti òkè pa nígbà tí sáà síkì bá parí, tí ẹgbẹ́ wa bá sì ti jáde nínú ìdíje. Renata gbà. Ta ló mọ̀ pé yìnyín á kọ̀ kò ní yọ́? Ta ló mọ̀ pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn á máa borí ṣáá? Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Renata ń pè é, gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń dáhùn pé, "Ọmọ mi, a ṣì wà nínú ẹ̀."

Àwọn kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí tó ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé òkè ló pa á, pé èmi ni mo mú un gun òkè lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ẹ sọ ọ́ sókè. Mo mú un lọ. Bó bá jí lọ́la, màá tún mú un lọ. Ohun tó wu ọmọ ọ́ jẹ kì í run ọmọ nínú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yọ̀ sọ̀kalẹ̀, jẹ́jẹ́, ó ń kọrin, yìnyín ń dún ṣẹrẹrẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kú, lọ́sàn-án gangan, lórí àga ara ẹ̀, fìlà ẹgbẹ́ wa lórí ẹ̀. Ikú, o mú un, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n o ò lé e kúrò nílé ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde gan-an rèé. Ọ̀la Àbámẹ́ta ni wọ́n máa ti òkè pa. Ẹ mọ àṣà wa: lọ́dún tí ẹni wa bá kú, nínú àwọn àga tí wáyà ń fà gun òkè, ẹnìkan kì í jókòó sórí èyí tó máa gbẹ̀yìn. Síkì ẹ̀ là ń dè mọ́ ọn, gbogbo wa á na ọ̀pá síkì wa sókè. Tó bá dé orí òkè, ẹbí ẹ̀ kan á gbé síkì náà léjìká, á gbé e yọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Bí ẹbí ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, a kì í ṣe é. A kì í sì í sún un di ọdún tó ń bọ̀. Fino gbé ti ìyàwó ẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ojú gbogbo wa ló ṣe é. Ọ̀la yìí kan náà ni wọ́n fi ìsìnkú ẹ̀ sí ní Pueblo.

Renata, ọmọ mi, ìwọ nìkan ni ẹbí ẹ̀ tó kù. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí òkè yìí, ó sì ń bí ọ sí èmi náà. O fẹ́ bàbá ẹ lọ́dọ̀ ẹ, òkè ò jẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀ mo lọ wá síkì yẹn lẹ́yìnkùlé Fino, ìṣó tó máa ń gbé e kọ́ nìkan ni mo bá. Mi ò béèrè ẹni tó mú un. Níwájú gbogbo èèyàn ni mo ti ń bẹ̀ ọ́: jẹ́ kí ìsìnkú di ọjọ́ Ajé. Tó o bá kọ̀, gbogbo wa la máa tẹ̀lé ọ lọ sí Pueblo, nítorí pé bàbá ẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé ó tọ́, mi ò sì ní jókòó títí màá fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ.

Renata, níbo lò ń lọ? Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má dì í lọ́wọ́ mú, ẹ jẹ́ kó lọ.

Fadá, mo rí i pé ẹ ń wo aago. Mi ò tíì jókòó.

Ẹ wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ bá a ṣílẹ̀kùn, síkì há sí i. Ẹ rọra, ti bàbá ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ó ní inú mọ́tò òun ló wà láti Ọjọ́bọ̀, kí èmi má baà jí i. Ó ní àárọ̀ yìí lòun ti sún ìsìnkú sí ọjọ́ Ajé, òun ò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé kí ló wá fi mí sílẹ̀ tí mò ń bẹ̀bẹ̀ láti àárọ̀? Ó ní, "Àńkù Wendell, mo fẹ́ wò ó bóyá ẹ máa wọ kóòtù yín."

Fino, ṣé o gbọ́ ọmọ tó o bí?

Ó dàárọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Máa lọ ní pẹ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ níbẹ̀ ni kó o bá wọn jẹ, ṣùgbọ́n tí kò bá ta ẹnu, má gbà. Kí ìyàwó ẹ lọ bá ẹ lọ́nà. Lọ́la a ó gbé ọ gun òkè, Renata á gbé ọ sọ̀kalẹ̀, nígbà tó bá jinná. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ wa á gbá eré kan ṣoṣo tó kù, àwọn àti àwọn tó ń bá wọn figagbága ti borí lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́ta. Ilé Fino la ti máa wò ó, ìkòkò ọbẹ̀ á wà lórí iná. Gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀, kó kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ẹ̀ lé Renata lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà.