Ẹja Tí A Fi Súre Fún Ọmọ Mi

Ẹja kan wà ní pálọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde tí mi ò lè pa, tí mi ò lè gbé jáde, tí mi ò sì lè wò lójú. Àrọ̀ ni. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó apá mi, inú àpótí gíláàsì tí kò gbà á mọ́ ló sì wà. Bó bá fẹ́ yíjú padà, ìrù rẹ̀ á máa na gíláàsì. Àwọn àlejò á rí i, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní ìgbà wo la máa fi se ọbẹ̀. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọmọ ọlọ́mọ gbé rí, ẹ jókòó kí n ro ẹjọ́ yìí fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti rú mi lójú.

Èmi kọ́ ni ọkọ mi kọ́kọ́ fẹ́. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jẹ́ olùkọ́, ṣaláìsí, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, tó ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí mo wọlé. Nítorí pé ó ti wà nínú ilé kí n tó dé, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, mo bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Àǹtí lòun náà ń pè mí. Kò yájú sí mi, kò sì sún mọ́ mi. Tó bá ti ilé ìwé dé, iwájú àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí yẹn ló máa ń jókòó sí. Ìyá rẹ̀ ló rà á, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa àwọn ẹja inú rẹ̀, ọmọ náà kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Àwọn ẹja inú àpótí yẹn náà ló jẹ́ ká mọwọ́ ara wa. Ní Sátidé kan, mo ní kó jẹ́ ká lọ ra díẹ̀ kún un. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń tà á, ojú mi lọ sára ẹja kan tó sanra, tó ń dán bíi góòlù, mo ní ká mú un. Ọmọ náà mi orí. "Àǹtí, ìyẹn máa dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Omi tútù ló sì fẹ́, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni tiwa fẹ́." Mo nawọ́ sí òmíràn, ó ní ìyẹn máa ń gé àwọn yòókù ní ìrù jẹ. Ló bá ń kọ́ mi bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣà wọ́n: kí a wá àwọn tí kì í jà, tí omi kan náà bá lára mu, kí a mú àwọn tó fẹ́ràn òkè omi, àwọn tí í gbé àárín, àti àwọn tí í ṣa ìdọ̀tí jẹ nísàlẹ̀, kí wọ́n má baà máa du àyè mọ́ra wọn lọ́wọ́, àti pé ẹja tí ẹnu rẹ̀ bá ti lè gba òmíràn, bó ti wù kó ṣe jẹ́jẹ́ tó, a kì í kó wọn pọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Mo tẹ́tí sí i. Àwọn wẹ́wẹ́ kan tó ní ìlà aró lára la rà, a sì rà wọ́n lọ́pọ̀, ó ní wọn kì í fẹ́ dá wà. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa bọ̀, ó sùn lé mi léjìká. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní Mọ́mì. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó.

Mo wá bímọ, ọkùnrin. Ìyá mi gbé àrọ̀ ààyè wá láti Ìjẹ̀bú-Imusin fún ìsọmọlórúkọ, ó ní ẹja gbígbẹ kò tó fún àkọ́bí mi. Wọ́n fi kan ọmọ lórí, wọ́n ní orí lẹja fi í la ibú, kí ọmọ mi fi orí la ayé já, gbogbo ilé ṣe àmín. Nílé tiwa, ẹja tí a bá fi súre fọ́mọ báyìí kì í kú lọ́jọ́ náà, ó di ọjọ́ kejì kí a tó sè é. Wọ́n fi sínú bàsíà ńlá lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó yá, àwọn tó ń dáná ní àwọn fẹ́ fi bàsíà yẹn fọ ìrẹsì, ibo ni kí àwọn gbé ẹja sí? Ọmọ ń ké lọ́wọ́ mi, ọmú ń ro mí, àwọn ẹbí ọkọ mi láti Ayépé ń wọlé. Mo wo àrọ̀ náà, kò ju ọwọ́ mi lọ púpọ̀ nígbà náà, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ omi. Mo rò ó pé ẹja tó ń gbé ìsàlẹ̀, ìdọ̀tí ni yóò máa ṣà jẹ bíi tàwọn yòókù. Mo tún rò ó pé ẹja tí wọ́n fi gbàdúrà, ibi wo ló fẹ́ ṣe? Mo ní kí wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì di àárọ̀. Eyínfúnjowó wà níta, ó ń pín omi fún àlejò.

Nígbà tí mo jáde sí pálọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti dúró síwájú gíláàsì. Omi ti dọ̀tí, àrọ̀ nìkan ló kù níbẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ. Ọmọ náà kò sunkún. Ó ní, "Àǹtí, ta ló gbé e síbẹ̀?" Mo ní èmi ni. Àǹtí tó pè mí yẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní a ó ra òmíràn, ó ní ìyẹn kì í ṣe èyí tí ìyá òun ṣà. Ìyá mi ní kí n gbé àrọ̀ sínú ìkòkò, kí ọ̀rọ̀ tán. Ọkọ mi ní ẹja ni ẹja ń jẹ́, ọmọdé á gbàgbé. Mo wá bá ọkùnrin kan tó ń sin àrọ̀ sọ ọ́ pé kó wá gbé e lọ sínú odò ẹja rẹ̀. Ọjọ́ tó dé, ọmọ náà fọwọ́ méjèèjì gbá gíláàsì mú. "Ẹ má gbé e lọ. Àwọn ẹja Mọ́mì mi wà níkùn ẹ̀." Ọkùnrin náà wo ojú mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ṣé ìfẹ́ ni, àbí ìkórìíra? Ta ní í fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ohun tó jẹ ohun ìní ìyá rẹ̀? Ẹja náà sì ń dàgbà lójoojúmọ́. Bó bá kú síbẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Àtìgbà ìsọmọlórúkọ ni Eyínfúnjowó kò ti fọwọ́ kan àbúrò rẹ̀. Lánàá, mo ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì, mo gbójú sókè, mo rí i tó gbé ọmọ nílẹ̀ lórí ẹní, tó gbé e lọ síwájú gíláàsì. Ó mú ìka ọmọ, ó fi kan gíláàsì, àrọ̀ náà sì wá síbẹ̀. Ó sọ fún un pé, "Wò ó. Tìẹ ni. Nítorí tìẹ ni wọ́n ṣe gbé e wá." Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá sáré gba ọmọ mi, á mọ̀ pé mo ń bẹ̀rù òun, ọjọ́ náà ni mo sì pàdánù rẹ̀ pátápátá. Bí mi ò bá gbà á, ṣé mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni? Mo kàn dúró síbẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ fi gbé e wá fún mi. Ó ní, "Ebi ń pa á." Kò pè mí ní Àǹtí, kò sì pè mí ní Mọ́mì.

Ẹ jọ̀wọ́, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà nípò mi, kí lẹ máa fi ẹja yìí ṣe?