Wọ́n Sọ Mí Di Ìyá Ẹyọ-kan

Ọmọ mélòó ni mo bí? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ mi ná. Láti ọjọ́ tí akọ̀wé Bísíríyù ti bi mí ní ìbéèrè yẹn ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín wàrà ọmọdé ní Ìkòròdú, títí di bí mo ṣe jókòó sórí àpótí yín yìí, mi ò tíì rí ìdáhùn rẹ̀, mi ò sì ní rí i láéláé, nítorí ta ni í la ẹnu sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan kó máa ka ọmọ bí ẹni ń ka iṣu? Ẹ̀yin náà, ẹ ka tiyín kí n gbọ́! Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ò jẹ́ kà wọ́n, àbí?

Kì í wá ṣe ọ̀rọ̀ akọ̀wé ni mo bá wá. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ni. Sèlíátù, tí ẹ jọ mu ọmú kan náà! Àná ni mo ní kí n yà kí Tíṣà Ògúnsànyà ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà, kí ni mo bá níbẹ̀? Wọ́n kó àwọn alágbàwí tuntun tó ń kọ́ bí a ṣe ń bá èèyàn rojọ́ jókòó, Sèlíátù dúró níwájú wọn bí ọ̀gá, obìnrin kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn méjì wá pọn ìrọ̀rí sẹ́yìn, ó ń rìn gìrì-gìrì kiri, ó ń mi ìrọ̀rí náà jìgìjìgì, ó ní, "Ọmọ mi, dìde, ṣé o ń sùn?" Gbogbo wọn ń yí gbirigbiri lẹ́rìn-ín. Mo ní ta lẹ ń ṣe yìí? Wọ́n ní, "Ìyá Ẹyọ-kan ni, ìyá, ẹ̀kọ́ tòní ni." Èmi! Èmi Fàlílátù ni wọ́n sọ di ẹ̀kọ́!

Ẹ bu omi fún mi, ọ̀nà ọ̀fun mi ti gbẹ.

Ẹ ṣe é. Ṣé ẹ rántí bí nǹkan náà ṣe bẹ̀rẹ̀? Ní kíláàsì yẹn, èmi àti àbúrò yín ti ń kọ orúkọ ara wa, a ti ń ka ìwé díẹ̀díẹ̀, Tíṣà bá ní ìyẹn nìkan kò tó. Ó ní oore tí ìjọba ń ṣe, oògùn ọ̀fẹ́ ni o, wàrà lẹ́búlẹ́bú ni o, bí akọ̀wé bá ti wí fún ará ìlú pé kò tọ́ sí i, ará ìlú á dúpẹ́, á lọ sílé lọ máa sunkún. Òun fẹ́ kọ́ wa ní kòtẹ́milọ́rùn, kí a lè bá ẹni tí wọ́n lé padà dé iwájú ìgbìmọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, kí a bá a rojọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ kì í ṣe ìtọrẹ. Ó ní ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ni ìdí. Ó ní ẹ má kúnlẹ̀ rojọ́. Háà, ọjọ́ yẹn la fẹ́rẹ̀ẹ́ tú kíláàsì ká! Kí obìnrin dúró gangan níwájú bàbá tó tó bí i lọ́mọ? A jà á títí, Tíṣà ní ó dáa, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ wá dìde rojọ́. Ara gbogbo wa bá balẹ̀.

Mo sì mọ̀ ọ́n! Wàláhì, mo mọ̀ ọ́n ju àbúrò yín lọ. Obìnrin Ìjẹ̀dẹ́ kan tí wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ti kúrò ní ọmọdé tó ń gba oògùn ọ̀fẹ́, torí pé ọmọ náà ga bí igi àgbọn, ta ló bá a dé Ẹ̀pẹ́? Ta ló ní, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé gíga la fi ń mọ ọjọ́ orí ni?" Èmi ni! A borí, a jó bọ̀.

Ọdún yẹn náà ni èèyi mú Tìrìmísíyù, àbíkẹ́yìn mi. Ẹ rí i nígbà yẹn, ó gbẹ bí ẹja tó pẹ́ lórí ààrò. Oúnjẹ kò dúró níkùn rẹ̀, ọmú mi ti gbẹ, nọ́ọ̀sì ní wàrà yẹn nìkan ló lè gbé e dìde. Mo sáré lọ bá Bísíríyù. Ó gbé gègé, kò tilẹ̀ wojú mi, ó ní, "Ìyá, ọmọ mélòó lẹ bí?" Ẹ̀gbọ́n mi! Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ń mí hẹlẹhẹlẹ, Bísíríyù ní kí n ka ìyókù kí ayé gbọ́! Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, àwọn tí mi ò mọ̀ rí kún ibẹ̀, mo bá ní, "Ẹyọ kan ni." Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ilé tí ọmọdé pọ̀ sí ni wàrà wà fún, kò tọ́ sí ọlọ́mọ kan, ẹlòmíì bọ́ síwájú.

Mo ní n ó pe kòtẹ́milọ́rùn. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí í ro ẹjọ́ ara rẹ̀ nínú wa, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ta ni yóò wá bá mi lọ? Sèlíátù! Sèlíátù tó jẹ́ pé nígbàkígbà tí a bá ń fi dánra wò, ẹ̀rín á ti pa á kó tó sọ̀rọ̀ tán!

A wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo kó àwọn ọmọ dání kí ìgbìmọ̀ lè fojú rí wọn, mo fi ọ̀já so èyí mọ́ ìyẹn, mo so ìyẹn mọ́ ara mi. Atukọ̀ ní, "Ìyá, bí ọ̀kan bá jábọ́, ṣé gbogbo yín lẹ jọ ń lọ ni?" Kí ló kàn án níbẹ̀?

A dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti pe Bísíríyù náà wá síbẹ̀. Sèlíátù kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde. Mo ń retí kó bi wọ́n pé kí ni ìdí. Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀! "Ẹ̀yin bàbá, obìnrin yìí kò purọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Bí adìẹ bá sín lójúde, ìyá yìí á gbé ọmọ rẹ̀ wọlé. Ó máa ń jí ọmọ tó ń sùn kó lè bi í pé ṣé ó ń sùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ ní kó ka ọmọ fún akọ̀wé? Ó dáa, àwọn ọmọ náà rèé. Ẹ̀yin ẹ kà wọ́n."

Àwọn bàbá ń wo ara wọn. Bàbá alága ní, "Bísíríyù, ìwọ lo kọ ẹyọ kan sílẹ̀, kà wọ́n." Bísíríyù na ìka, ó ní, "Ọ̀kan..." Ìyá arúgbó kan tó ń dúró de ẹjọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn bá figbe ta: "Olúwa má jẹ̀ẹ́! Ọmọ ta lo fẹ́ kà?" Bísíríyù ká ìka kò bí ẹni tí iná jó. Òun náà lọ́mọ nílé!

Ni bàbá alága bá húkọ́, ó ní kí wọ́n yá kọ́ọ̀pù wá lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ tó wà níta. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba kọ́ọ̀pù tirẹ̀, wọ́n mu omi, wọ́n tò ó sórí tábìlì. Bàbá ní, "Ó yá, ka kọ́ọ̀pù." Bísíríyù wá ń kà á sókè bí ẹni ń ké kéwú! Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fọwọ́ sí i. Wàrà dé. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tìrìmísíyù lónìí! Rárá, ẹ má wò ó tó bẹ́ẹ̀.

Kí lẹ wí? Pé òótọ́ ni Sèlíátù sọ? Ta ló ní irọ́ ni? Ṣé gbogbo òótọ́ là ń sọ níwájú ìgbìmọ̀ ni? Láti ìgbà náà, bí mo bá dé ọjà Ẹ̀pẹ́, ẹlẹ́ja á ní, "Ìyá Ẹyọ-kan, ẹja mélòó? Ẹyọ kan?" Ọkọ mi ń pè mí bẹ́ẹ̀! Wọ́n ní kíláàsì tó bá wọlé, wọn á pọn ìrọ̀rí!

Nítorí náà, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un. Mi ò ní kí wọ́n má fi mí kọ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin gbàràmù-gbaramu yẹn kò mọ̀ ọ́n ṣe! Jìgìjìgì kọ́ là ń jí ọmọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, ìka kan, létí imú. Bí wọ́n bá fẹ́ Ìyá Ẹyọ-kan, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi, kí n wá ṣe é fúnra mi.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in dáadáa, ó kù. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọbìnrin bàbá alága yẹn tó wá sọ ọ́ fún mi: nígbà tí ìjọba ń ka ènìyàn, kó tó di pé ọ̀rọ̀ tèmi ṣẹlẹ̀ rárá, bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ ń ṣeré yí i ká bí eéṣú, ó ní ẹyọ kan lòun bí, àwọn tó ń ka ènìyàn náà bá gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá àwọn ìyàwó rẹ̀, wọ́n lọ ka abọ́ tí àwọn ọmọ fi ń jẹun.