Ọ̀pẹ Ìjẹṣu Lọ́nà Lálúpọn

Kò sí oko ẹlẹ́mu kan lẹ́yìn Ìbàdàn tí ẹnu èmi kò tíì kan ẹmu rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lọ́jọ́ ìjẹṣu kan rí, nígbà tí àwa àlejò ń wo baba arúgbó kan tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ.

Obìnrin ará Ìbàdàn kan bi ìyàwó baba náà pé, "Ìyá, ṣé òótọ́ ni pé wọn ò ríran?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́ta."

"Háà! Ṣé kò sí ọ̀dọ́ nílé yín ni?"

"Wọ́n kún ilé. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ dá ẹmu lórí ọ̀pẹ yìí ló gbọ́dọ̀ gbé ẹmu ìjẹṣu rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan iṣu tuntun."

"Bí wọ́n bá já bọ́ ńkọ́?"

"Má fẹnu pè é. Ojú wọn ni kò mọ ọ̀pẹ mọ́, ọmọ mi. Ọ̀pẹ ṣì mọ̀ wọ́n."

Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀, ó di etí ìró rẹ̀ mú pinpin, kò sì tú u sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ baba fi kanlẹ̀.

Èmi tí mo máa ń fi ọwọ́ kan gba igbá ẹmu, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti gba tọjọ́ náà.