Ìpè Tí N Kò Pè

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé mi, tí ẹ sunkún lé e lórí, tí ẹ tún rà á fún ìyá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ fi ń bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tíì pé ogún ọdún, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa sá níwájú òtítọ́. Dókítà sọ fún mi pé kíndìnrín mi méjèèjì ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, kò sì sí ohun tí àwọn lè fi bẹ̀ wọ́n mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìwé náà bí wọ́n bá tún un tẹ̀, kí ẹ mọ irú ọwọ́ tó kọ ọ́.

Láti kékeré ni mo ti ń fẹ́ rí orúkọ mi lẹ́yìn ìwé. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti máa ka ìwé àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n máa ṣa àṣìṣe inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Ẹlòmíràn ló ń jẹ ìrẹsì náà. Orí mi hu ewú nídìí iṣẹ́ yìí. Ìwé mẹ́rin ni mo kọ fúnra mi, ọ̀gá wa sì dá gbogbo wọn padà. Nígbà tó dá èyí tó kẹ́yìn padà, ó ní, “Akọ̀wé, gbólóhùn rẹ dán, kò ní àbàwọ́n. Ṣùgbọ́n n kò rí ènìyàn kan tó ń mí nínú gbogbo rẹ̀.” Mo rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Mo wá lọ ti ara mi mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ilé ìyá arúgbó kan ni mo háyà yàrá sí. Ìyá Oníwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí pé ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn. Láyé ìgbà náà, bí o bá fẹ́ bá ẹni tó wà ní ìlú mìíràn sọ̀rọ̀, àfi kí obìnrin kan kọ́kọ́ bá ọ so wáyà pọ̀. Màámá, bí èmi ṣe ń pè wọ́n, ni obìnrin náà. Wọ́n gbọ́ ìfẹ́, wọ́n gbọ́ ìjà, wọ́n sì gbọ́ òkìkí ikú kí ó tó dé etí olókùú. Lọ́jọ́ ogbó wọn, etí náà di. Bí n kò bá gbé ẹnu lé etí wọn ọ̀tún kí n pariwo, wọn kì í gbọ́ nǹkan kan. Wọn kò sì gbà láti máa sọ̀rọ̀ sínú fóònù tí wọn kò lè gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ilé wèrè ló ń lọ.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan tí a jọ ń mu tíì, wọ́n sọ fún mi nípa ọkùnrin kan tó máa ń ní kí wọ́n so òun mọ́ nọ́ńbà ilé tí ìyàwó rẹ̀ ti kú sí. “Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò gbé e,” ni Màámá wí, “ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ́ kó dún títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.” Mo bẹ̀ wọ́n kí n máa kọ ìtàn ayé wọn sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ta ló fẹ́ fowó ra wàhálà arúgbó?” Ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Màámá bí, obìnrin ni, ọ̀nà jíjìn ló sì ń gbé. Fóònù mi ló máa ń pè láti béèrè ìyá rẹ̀. Èmi ni mò ń gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ fún Màámá, tí mo sì ń gbé ti Màámá padà fún un. A kò tíì kọ ìwé náà dé ìdajì nígbà tó sọ fún mi pé, “Bọ̀dá, mo ti tún yàrá kan ṣe fún Màámá níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ wá mú wọn.” Bí Màámá bá lọ, ìwé mi lọ nìyẹn. Mo gbé fóònù kúrò létí díẹ̀, bí ẹni tó lọ pariwo sétí arúgbó. Mo wá ní, “Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kúrò nílé àwọn.”

“Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?”

“Rárá o. Ìwọ náà mọ ìwà àgbàlagbà.”

Nígbà tí Màámá bi mí pé kí ni ọmọ àwọn wí, mo ní ó kí wọn, pé iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹnu mi kò tilẹ̀ gbọ̀n. Ẹ wo ẹni tó ń fi àṣìṣe inú ìwé jẹun, tó ń tẹ àṣìṣe sínú ayé ènìyàn méjì.

Irọ́ kan bí òmíràn. Ọmọ náà fi súwẹ́tà ránṣẹ́, mo fún Màámá, n kò sọ ẹni tó rà á. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì gba ọpẹ́ náà. Nígbà tó ní òun ń bọ̀ tipátipá, mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ búra pé àwọn kò ní ṣílẹ̀kùn fún un. Ó sunkún létí mi. Ibi tí mo burú dé rèé: bí Màámá ṣe ń ro ara wọn sí ẹni tí ọmọ pa tì, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn wọn ń jinlẹ̀ sí i. Mo rí i, inú mi sì dùn.

Ó wá ku orí kan péré nínú ìwé náà, èyí tí wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn yóò ti sọ ìdí tí àwọn fi fi iṣẹ́ tẹlifóònù sílẹ̀. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọn kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. “Akọ̀wé, pe ọmọ mi. Sọ fún un pé bí ó bá di nǹkan kan mú lọ́wọ́, kó sọ ọ́ sílẹ̀.” Mo mọ̀ pé bí ó bá dé, ilé ìwòsàn ni yóò gbé wọn lọ tààrà, orí tó kù yóò sì bá wọn lọ. Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé, mo gbé fóònù sétí. N kò tẹ nọ́ńbà kankan. Mo ń sọ̀rọ̀, mo ń mi orí, mo ń ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, àyà ni. Ó dáa, ó yé mi.” Màámá ń wo ẹnu mi, wọn kò ṣẹ́jú. Mo padà sí etí wọn, mo pariwo pé, “Ó ní kò ní ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yìí.”

Wọ́n kọjú sí ògiri fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Jókòó. Jẹ́ ká parí tìẹ.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Bí èémí wọn bá já, mo dúró. Bí ó bá padà, mo béèrè ìbéèrè. Orí tí ẹ sọ pé ó dà bí àdúrà nìyẹn. Nígbà tí a parí, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. “Ìwọ lo jókòó tì mí. Ọmọ tí mo bí ti gbàgbé mi.” Mo gba ìre náà.

Ìgbà náà ni mo tó pe ọmọ wọn ní tòótọ́. Ó gbéra lójú ẹsẹ̀. Kí ó tó dé, Màámá ti lọ.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Kí ni wọ́n sọ nípa mi?” Mo ní wọ́n sọ pé inú àwọn dùn sí i. Mo tún kọ ọ́ sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn ìwé náà. Màámá kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé jáde, orúkọ mi hàn lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà, ọ̀gá wa dì mọ́ mi níwájú èrò. Ọmọ Màámá wá sọ mí di ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, òun ló fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ wá tọ́jú mi, tó ń fọ aṣọ mi, tó ń gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ó bá ti ń fi omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ nù mí lẹ́sẹ̀, ó máa ń dà bí ẹni pé iná ló ń dà sí mi.

N kò lè gbà á mọ́. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: “Ṣé wọ́n gbà á gbọ́? Ṣé wọ́n kú pẹ̀lú èrò pé mo gbàgbé àwọn?” Irọ́ dídùn rọ́ wá sẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó ní, “Gbogbo ọdún yìí, èmi náà rò pé àwọn ni kò fẹ́ mi.” Ó dìde, ó dé fìláàsì tíì mi kó má baà tutù, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Kò tíì padà wá, n kò sì ránṣẹ́ sí i. Kì í ṣe èmi ni yóò sọ ìgbà tí ó yẹ kó dárí jì mí, bí ó bá tilẹ̀ yẹ. Mo kàn ń bẹ̀ ẹ́ ni, àti ìyá rẹ̀ tí n kò lè bẹ̀ mọ́, àti ẹ̀yin tí mo ta omijé àwọn ẹlòmíràn fún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ di òǹkọ̀wé, mo mọ bí ó ṣe ń gbẹ yín lọ́fun. Ó gbẹ èmi náà. Kò burú kí ènìyàn fẹ́ ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń sọ ìtàn fún yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tirẹ̀, ẹ gbé bírò sílẹ̀, kí ẹ lọ bá a wá onítọ̀hún. Ìwé tí kò parí kò pa ẹnikẹ́ni rí.