Orin Fóònù Tí Ọlọ́run Fi Sí Mi Lẹ́nu

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n dúró dáadáa ná kí n tó dúpẹ́, torí ọpẹ́ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọpẹ́ tí èèyàn ń jókòó dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gba Ìyá Ìjọ lọ́wọ́ ìtìjú, tó sì gba èmi Jòṣúà lọ́wọ́ ara mi. Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn ń gbọ́ mi? Àmín yín ò dún tó! Ẹ̀hẹ́n, ó kù díẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, àlejò ni. Èmi ni wẹ́dà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ẹnu Ọ̀wá. Géètì tí mo jó pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó débi pé bí olè bá rí i, ṣe ló máa ń kí i, á sì kọjá lọ. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, mi ò fi bò. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ yìí, ta ló ń fi orin sí Sáàmù? Èmi ni! Bí ìkórè bá ti ń súnmọ́, Bàbá Pásítọ̀ á fún mi ní Sáàmù kan. Ìyá Sámù, ìyàwó mi, á kà á sí mi létí láàárọ̀, èmi á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá ti ń lu irin, òòlù á máa bá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé, orin ti jáde. Mi ò mọ dò-rè-mí. Dò-rè-mí ló yẹ kó wá mọ̀ mí.

Àfìgbà tí Brọ́dà Kúnlé dé.

Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ́fíìsì kan ní Marina ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ èèyàn kí, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù, torí kò jẹ́ kí n rí ibi tí màá ti gbá a mú.

Ọjọ́ tí Bàbá Pásítọ̀ dárúkọ Sáàmù ìkórè tọdún yìí, Sáàmù kẹrìndínláàdóje, èyí tó sọ nípa àwọn tó fi omijé gbin nǹkan tí wọ́n sì fi ayọ̀ kórè, mo ti ń mi orí, orin ti ń wá. Kúnlé bá nawọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dán nǹkan kan wò." Ló bá tẹ ọ̀rọ̀ Sáàmù náà sínú fóònù, ó sọ irú orin tó fẹ́ fún un. Ká tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, fóònù ti ń kọrin! Fèrè ń dún, ìlù ń dún, àwọn obìnrin ń gbè é, obìnrin tí ìyá kankan ò bí.

Mo ní, "Ta ló ń kọrin yẹn?"

Kúnlé ní, "Kò sẹ́nì kankan o, ẹ̀gbọ́n. AI ni. Ọgbọ́n àtọwọ́dá."

Mo ní, "Àtọwọ́dá? Ọwọ́ ta?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bàbá Pásítọ̀ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní èyí la máa lò fún ìkórè. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Brọ́dà Jòṣúà, ẹ sinmi lọ́dún yìí, ẹ ti ṣiṣẹ́."

Sinmi kẹ̀! Ta ni mo sọ fún pé ó rẹ̀ mí?

Ẹ̀yin ará, ẹ ti jowú rí? Ẹ má dá mi lóhùn, ojú yín ti dá mi lóhùn. Owú tó mú mi, ṣe ni iyọ̀ kúrò lẹ́nu mi. Wọ́n fi orin náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìjọ, ó di pé ibi gbogbo ni mo ti ń bá a pàdé. Mo dé Ọbáléndé láti ra irin, arábìnrin wa kan tó ń ta búrẹ́dì ń kọ ọ́. Mo délé, ìyàwó tèmi, ìyàwó tí mo fẹ́ sílé, ń fi orin náà din dòdò. Mo ní, "Ìyá Sámù, ìwọ náà?" Ó ní, "Bàbá Sámù, ẹnu mi ni, kì í ṣe èmi." Mi ò jẹ dòdò yẹn. Mo jẹ ẹ́ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n mi ò yìn ín.

Alhaji Múrí, télọ̀ ará Ìjẹ̀bú tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, ìyẹn tún ní tiẹ̀. Ó ní, "Bàbá Sámù, mo gbọ́ pé fóònù ti gba iṣẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ di iṣẹ́ irin mú o, kí fóònù má tún lọ kọ́ wẹ́dà."

Mo ní, "Alhaji, ẹ gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ yín."

Ó ní, "Ṣùgbọ́n orin yẹn dùn o, wàláhì! Ìyàwó mi ń kọ ọ́ nídìí ààrò, mo ní kó rántí ilé ẹni tó wà."

Ẹ ò rí nǹkan! Ó ti wọ ilé mùsùlùmí. Tèmi ò wọbẹ̀ rí.

Mo bá gbààwẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo ní mo gbààwẹ̀! Mo ní, "Olúwa, ìwọ tó pa ẹnu kìnnìún dé fún Dáníẹ́lì, pa ẹnu fóònù yìí dé fún mi." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbàdúrà. Mo sì lọ dá orin tèmi sí Sáàmù yẹn kan náà. Mi ò kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní ìyàwó mi ò gbọ́ ọ. Mo ní lọ́jọ́ ìkórè, bí fóònù bá ti dákẹ́, èmi á dìde, orin mi á rọ̀ lé wọn lórí bí òjò àkọ́rọ̀, gbogbo yín á sì mọ ẹni tó nilé.

Ọjọ́ ìkórè wá pé. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń ṣe é nínú ìjọ wa: bí ìdílé bá ń jó bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà lọ síwájú pẹpẹ, orin kì í já lé wọn lórí. Bó bá já, wọ́n á padà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn tó dá ìjọ sílẹ̀ ṣe ṣe é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Ìdílé kan lọ, Kúnlé tẹ fóònù. Ìdílé kejì lọ, ó tún un tẹ̀. Orin ń lọ, èèyàn ń jó, Kúnlé náà ń jó, òógùn bò ó. Èmi jókòó, mo ká apá mọ́ àyà, mo ń dúró de Ọlọ́run.

Ló bá kan Ìyá Ìjọ.

Ẹ̀yin àlejò, Ìyá Ìjọ ni ìyá tó dàgbà jù láàárín wa. Wọ́n ṣubú lẹ́yìn ilé, egungun ìbàdí wọn kán, gbogbo wa rò pé ó ti tán. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá gbé àwọn dìde, àwọn á jó dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè, ẹnì kankan ò ní di àwọn mú. Mo dìde lọ gba ọ̀pá wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo padà jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan, wọ́n sinmi, ẹsẹ̀ kejì. Àwa ń wò, omi wà lójú.

Wọ́n dé ibi òpó àárín, orin parí.

Kúnlé sáré gbé fóònù. Fóònù ti sùn. Ó tẹ ìka lé e, òógùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù lóun ò mọ̀ ọ́n. Ó nu ìka mọ́ aṣọ, ó tún un tẹ̀. Fóònù ní irọ́ ni, kó lọ dúró ná. Kúnlé ní, "Jésù!", kì í sì í ṣe bí a ṣe ń pè é nínú àdúrà.

Ọlọ́run ti pa ẹnu kìnnìún dé. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ nínú ilé Olúwa, inú mi dùn! Mo dìde fùú, mo tún agbádá gbé léjìká, mo lé orin tèmi. Ohùn mi dùn lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́rìí mi. Mo lé e, mo dúró kẹ́ ẹ gbè é.

Kò sẹ́ni tó gbè é.

Ta ni ì bá gbè é? Ta ni mo kọ́? Mo rí ẹnu yín tó ṣí sílẹ̀ tí nǹkan kan ò jáde. Arábìnrin kan gbìyànjú, tirẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, tèmi ń lọ sí Badagry. Láti ọjọ́ tí mo ti ń dá orin, mo ti gbàgbé pé ìdajì orin ni mò ń dá, ẹ̀yin lẹ ní ìdajì kejì.

Ìyá Ìjọ dúró síbi òpó, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Jòṣúà, orin wo lèyí? Ẹsẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n. Fún mi ní tiwa."

Tiwa! Tiwa, èyí tí fóònù kọ! Ẹ gbọ́ o, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju irin gbígbóná lọ. Mo pa ẹnu mi dé. Ibi tí Ọlọ́run ti gbà mí gan-an nìyí, torí mo rò ó lọ́kàn pé kí wọ́n padà sẹ́nu ọ̀nà, kí ojú ti Kúnlé, kí ojú ti Pásítọ̀. Mo rò ó o. Ẹsẹ̀ wọn ò sì ní ìrìn kejì nínú, gbogbo wa ló mọ̀. Mo ní, "Olúwa, mi ò lè kọ orin yẹn. Bí o bá fẹ́ kí n kọ ọ́, ìwọ ni kó o ṣí ẹnu mi." Kí n tó ṣe àmín, ẹnu mi ti ṣí.

Mo lé orin fóònù! Orin tí mo ti ń pariwo káàkiri pé mi ò gbọ́ rí, kò sí ibi tí mi ò mọ̀ nínú rẹ̀, títí dé ibi tí fèrè ti ń dún. Ẹ gbè é, pákó òrùlé mì! Onílù gbá a. Fóònù máa ń sáré kọ ọ́ ni, èmi fà á, mo fà á dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ Ìyá Ìjọ. Bí wọ́n bá sinmi, màá dúró lórí "ayọ̀," màá máa yí i, ẹ̀yin náà ń yí i pẹ̀lú mi, mo dárúkọ wọn sínú rẹ̀, mo dárúkọ ìyá tó bí wọn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀, èmi náà gbé orin. Títí wọ́n fi gbé ọwọ́ méjèèjì lé pẹpẹ, orin ò já! Ògo ni fún Ọlọ́run!

Lẹ́yìn ìsìn, Kúnlé wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ mọ orin yẹn jù mí lọ."

Mo ní, "Mi ò gbọ́ ọ rí."

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ní báyìí, ó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi á kọ orin tèmi sínú fóònù rẹ̀, fóònù á fi fèrè sí i, a ó jọ fi ránṣẹ́ sí yín kẹ́ ẹ lè kọ́ ọ. Ṣé owú náà ti tán? Kò tíì tán. Bí wọ́n bá ní "orin Kúnlé," àyà mi ṣì máa ń ṣe gbì. Ṣùgbọ́n kò lágbára láti pa ẹnu mi dé mọ́, ohun tí mo wá dúpẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó yá, ẹ dìde kẹ́ ẹ bá mi yọ̀. Kúnlé, fi fóònù sápò, máa bọ̀ lápá ọ̀tún mi níbí. Èmi ni màá lé e o, ìwọ gbè é! Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jáde, ẹ má sì kánjú. Ibi tẹ́ ẹ bá ti dúró, ibẹ̀ lorin á ti dúró dè yín.