Omi Táńkì Tó Pa Ẹja Ìyá Ràṣídà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò sì dà nínú mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n wá jẹ́rìí lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi gan-an dá.

Aláṣọ funfun ni mí. Ilé àdúrà wa kò jìnnà sí Thomas Estate, ní Ajah. Omi kànga àdúgbò wa pọ́n bíi tíì, ó tún níyọ̀, nítorí náà omi òjò là ń gbè láti orí páànù sínú táńkì ńlá. Èmi ni mò ń sẹ́ ẹ, èmi ni mò ń fi kílóríìnì sí i kó lè ṣeé mu. Mo mọ iṣẹ́ yẹn, n kò ní purọ́. Kò sẹ́ni tó mu omi mi tí inú run rí.

Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, mo máa ń fi kílóríìnì líle fọ táńkì náà, èyí tó ń ta ojú. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ pé ṣalángá ni kí n máa da omi ìfọ̀táńkì sí, kó má kan ohun ẹlẹ́mìí. Ṣùgbọ́n omi tí a ti gbàdúrà sí ló máa ń kù nísàlẹ̀ táńkì. Nínú ìjọ wa, a kì í da irú omi bẹ́ẹ̀ síbi ẹ̀gbin. Nítorí náà, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo darí páìpù sí ojú àgbàrá tó wà lẹ́yìn ilé àdúrà, torí ibẹ̀ mọ́.

Ojú àgbàrá yẹn ló wọ kòtò tí Ìyá Ràṣídà, aládùúgbò wa, ti ń sin ẹja àrọ̀. Mo mọ̀. Mo kàn rò pé omi kòtò á pọ̀ ju kílóríìnì náà lọ.

Ọ̀rẹ́ mi ni. Òun ló gbé mi dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí mo bí Ìbùkún. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí mo fọ táńkì, gbogbo ẹja rẹ̀ yí ikùn sókè. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́. Gbúre etí omi pọ́n, ó sì rọ. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń ṣa òkú ẹja sínú báàfù, ó ní, “Ìyá Ìbùkún, ta ni mo ṣẹ̀?” Mo bá a ṣa ẹja.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún wòlíì wa. Ó ní omi tí òun gbàdúrà sí kì í pa nǹkan, kí n lọ panu mọ́. Ẹ má bínú pé mi ò fọ̀wọ̀ pè é, ó dalẹ̀ mi ni. Nígbà tí ọkọ Ìyá Ràṣídà wá wádìí lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní ọ̀tá ń bẹ nínú ilé wọn. Wòlíì yìí mọ òtítọ́ o! Gbogbo ojú bá yí sí Ṣàkírátù, ìyàwó kékeré. Ó búra títí, wọn ò gbọ́. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà, èmi náà sì dúró, mo ń wò.

Láti ìgbà náà, ṣalángá ni mò ń da omi yẹn sí. Ẹja tuntun kò kú mọ́. Ẹ ò rí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe? Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, láti ìgbà tí àwọn ti lé Ṣàkírátù ni ẹja ti ń yè.

Báyìí Ṣàkírátù ti rán àgbààgbà wá bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ padà. Ọmọ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, kò mọ bàbá rẹ̀. Ẹbí ọkọ wọn máa pàdé ní Igbó Ẹfọ̀n lọ́jọ́ Àìkú náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ìyá Ràṣídà wá bá mi pé kí n wá sọ fún wọn pé ẹja kò kú mọ́ láti ìgbà tí Ṣàkírátù ti lọ, kí wọ́n má bàa gbà á padà. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, “Ẹni tí mo ń bá jẹun nínú abọ́ kan náà ló dà mí. Ìwọ nìkan ló kù tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún.”

Mo ní mo máa wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ tí mo bá débẹ̀?